Wọ́n Dé Fìlà Ẹgbẹ́ Kejì fún Ọnọrébù, Èmi ni Màmá Ń Bi Léèrè

Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde nílé, kí Màmá tó ń gbé yàrá iwájú má baà rí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dìbò ní 2023 bíi tèmi, ẹ mọ bó ṣe rí. Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ, ọkàn ọ̀pọ̀ wa ti rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí wọ́n tún wá sún ti gómìnà àti aṣòfin ìpínlẹ̀ láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 18, àwọn ojúgbà mi ní àwọn ò jáde mọ́. Èmi ni mò ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, tí mò ń bẹ̀bẹ̀. Ọnọrébù (ká ṣáà máa pè é bẹ́ẹ̀), tó ń díje fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ti bá àwa ọ̀dọ́ ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wa, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà wa sílẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Kò fún mi ní kọ́bọ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo jẹun níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ń dun Màmá, wọn ò sì mọ̀wé. Wọ́n ní àwọn ti dìbò fún Awólọ́wọ̀ ní 1979, ó ti tó àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Nítorí pé àmì ẹgbẹ́ nìkan ló máa ń wà lórí ìwé ìdìbò, tí kì í sí orúkọ ẹni tó ń díje, mo ya àmì náà sórí ìwé pélébé kan, mo fi bírò kùn ún. Wọ́n fi há ara dígí wọn. Nígbà tá a ti ibi ìdìbò dé, wọ́n na èékánná tí wọ́n fi íǹkì sí hàn mí: “Ìwọ ni mo dìbò fún o. Mi ò mọ ọkùnrin yẹn rí.”

Ó wọlé. Lọ́jọ́bọ̀, ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi: Ọnọrébù lórí pèpéle, wọ́n ń dé fìlà ẹgbẹ́ kejì fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì wò ó tán tí Màmá fi pè mí. Wọ́n ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n nawọ́ sí dígí. Ìwé yẹn ṣì wà níbẹ̀, bírò rẹ̀ ti ń ṣá.

“Ọmọ mi, ṣé kí n yọ ọ́ ni, àbí o máa ya òmíràn fún mi?”

Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, wọ́n ń bi mí ni. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Mo ní ẹnì kan ń pè mí lórí fóònù, mo sá jáde.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́: ẹ má fi orúkọ yín dúró fún olóṣèlú. Ẹ dìbò tiyín, kẹ́ ẹ máa lọ sílé.

Ìkejì, ẹ ka òfin. Lóru ọjọ́ náà ni mo ṣí ìwé òfin ọdún 1999. Abala 109 sọ pé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn kí sáà tó parí yóò pàdánù àga rẹ̀, àyàfi tí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tó dara pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ wá gbọ́ fídíò ọ̀hún: “Aáwọ̀ ti pín ẹgbẹ́ wa” ni gbólóhùn kejì tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ka ìwé yẹn ṣáájú mi. Abẹnugan ilé ló yẹ kó kéde pé àga ṣófo, inú ẹgbẹ́ tí Ọnọrébù fò lọ gan-an ni Abẹnugan wà.

Abala 110 ní a lè pè é padà, tí ó bá lé ní ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà tó bá fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ká tún wá dìbò lórí rẹ̀. Ìdajì! Ní gbogbo Nàìjíríà, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló forúkọ sílẹ̀ ní 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 péré ló dìbò ààrẹ. Ta ló sì máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé gba ìbuwọ́lù ọ̀hún? Ojú wo ni màá fi kan ilẹ̀kùn tí mo ti kàn ní 2023?

Ẹ̀kọ́ kẹta, àkọ́kọ́ náà ṣì ni: ẹ má fi orúkọ yín dúró fún wọn. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni mí, pé bí gbogbo ọ̀dọ́ bá ṣe báyìí, ìlú ò ní dáa. Ó dáa, kí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi dá Màmá lóhùn.

Lánàá mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sí nǹkan, wọ́n ní kí n jókòó. Mo fẹ́ yọ ìwé náà, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, àwọn ń tọ́jú rẹ̀ de 2027, kí wọ́n lè rí nǹkan fi hàn mí tí mo bá tún kan ilẹ̀kùn.