Gbàgede: aago tó ń padà sẹ́yìn, àti àwọn iṣẹ́ míì tí mo ti ṣe

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti kọ ìròyìn iṣẹ́ yìí kẹ́yìn. Mi ò pa á tì o, òjò ló dé, oko ń pè, iléèwé náà ń pè (tíṣà ni mí, fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀), alẹ́ nìkan ló wá kù fún mi, alẹ́ yẹn gan-an ni nẹ́pà sì máa ń mú iná lọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: Gbàgede ni mo sọ sáfà kékeré (ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tó sì ń fi í ránṣẹ́) tó wà nínú pálọ̀ mi ní Kàbbà níbí, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Raspberry Pi 4 ni, kọ̀ǹpútà kékeré kan, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wà, SSD 240GB, ibi tí gbogbo nǹkan ń sùn sí, ni mo so mọ́ ọn, sólà kékeré kan àti bátìrì ọ̀kadà ló ń gbé e nígbà tí iná ò bá sí. Èèyàn mẹ́tàlélógún ló ní àkáǹtì níbẹ̀, ará Owé, ará Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà, àti ẹnì kan ṣoṣo láti Ọ̀wọ́rọ̀ tó ń gbé Lọ́kọ́jà. À ń kọ ọ̀rọ̀, à ń gbé fọ́tò sí i, àmọ́ torí ohùn ni mo ṣe dá a sílẹ̀.

Torí ìyá àgbà ni. Ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Bùnú ni wọ́n, òfì obìnrin ni wọ́n fi jẹun, èyí tó máa ń nàró lára ògiri yẹn, wọ́n mọ ìtàn aṣọ ìpò dáadáa, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn ìjòyè nílẹ̀ Bùnú. Bí ọdún méjì ni mo fi ń gba ohùn wọn sórí fóònù, tí mo bá ti lọ kí wọn báyìí màá gbé fóònù sórí àpótí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n á kọrin. Fóònù yẹn wá bọ́ sódò níjọ́ kan tí mò ń bọ̀ láti oko, gbogbo ẹ̀ lọ. Màmá ṣì wà, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ orin méjì wà nínú ohun tó lọ yẹn tí wọn ò rántí mọ́, mo ti gbìyànjú láti rán wọn létí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìlà kìíní, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á ní "ó ti lọ". Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni mo pinnu pé ohùn àwọn àgbà wa ò tún ní dá gbé nínú fóònù ẹnì kan ṣoṣo mọ́.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé Mastodon, ètò tí ẹnikẹ́ni lè fi dá irú ibi ìkọ̀rọ̀ báyìí sílẹ̀ lórí sáfà ara ẹ̀, lé e kí n sinmi. Mastodon dáa, Eugen Rochko tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2016 ṣe iṣẹ́ ńlá, àmọ́ ó ní àwọn ètò míì tó gbára lé, PostgreSQL, Redis, Sidekiq, gbogbo ẹ̀ ló fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á wọ ẹ̀rọ kékeré tèmi lọ́rùn. GoToSocial, ètò míì tó jọ ọ́, fúyẹ́, mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó bá fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kó lọ. Èmi fẹ́ mọ inú ẹ̀, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé bọ́tìnì ohùn lèèyàn á kọ́kọ́ rí, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ fúnra mi, èdè kóòdù Python àti dátábéèsì SQLite ni mo lò. Gbogbo wọn ló ń sọ èdè kan náà ṣá, ActivityPub, tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, torí náà ẹni tó bá wà lórí Mastodon níbikíbi lè máa tẹ̀lé wa láìní àkáǹtì lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kánádà ló kọ́kọ́ tẹ̀lé wa láti ìta. Mo ti kọ ìyẹn rí àmọ́ mo fẹ́ tún un sọ torí inú mi ṣì ń dùn sí i. Mo jókòó, mò ń wo lọ́ọ̀gì (ibi tí sáfà ń kọ ohun tó ń ṣe sí) bó ṣe ń yí lọ. Wọ́n tẹ orúkọ Màmá pẹ̀lú dòméènì wa, sáfà tiwọn wá sí webfinger wa wá béèrè pé ṣé ẹni tó ń jẹ́ báyìí ń gbé ibí, tiwa ní bẹ́ẹ̀ ni, ojúlé ẹ̀ nìyí. Ó lọ sí ojúlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yẹ ìbuwọ́lù wò (àmì tó ń fi hàn pé àwa gan-an la rán ọ̀rọ̀), lẹ́yìn náà ni Follow (ìbéèrè láti máa tẹ̀lé wa) bọ́ sínú inbox wa, tiwa dá Accept (a gbà) padà. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré jáde láti kíṣìnnì.

Oṣù karùn-ún, ọ̀rọ̀ hashtag

Ará Ọ̀wọ́rọ̀ wa yẹn ló fẹjọ́ sùn pé òun kọ #Ọ̀wọ́rọ̀, òun tẹ̀ ẹ́, ó gbé òun lọ síbi tí wọ́n kọ #Ọ sí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pẹ ló bá níbẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Kóòdù tèmi ń fi regex, ìyẹn àpẹẹrẹ tí kóòdù fi ń wá ọ̀rọ̀, `\w+` wá ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé #, Python ò sì ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Lẹ́tà ọ fúnra ẹ̀ tòun ti àmì abẹ́ ẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan, U+1ECD, àmọ́ kò sí lẹ́tà kan tó jẹ́ ọ̀ odindi nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, àmì ohùn orí ẹ̀ dá dúró, U+0300, ibi tí regex bá ti rí i ló ti máa gé ọ̀rọ̀. Èdè wa ni wọ́n ń gé lórí yẹn o. Bí a bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan níbẹ̀ mi ò ní mọ̀ láéláé.

Mo yí i padà kó máa gba àmì pẹ̀lú. Mo tún rí i pé fóònù kan máa ń kọ à ní odindi, òmíràn á kọ a á wá fi àmì lé e, lójú wa ìkan náà ni, lójú dátábéèsì méjì ni, torí náà gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wọlé ni mò ń sọ di NFC (ọ̀nà ìkọ kan náà, tó ń so lẹ́tà àti àmì ẹ̀ pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe) báyìí kí n tó tọ́jú ẹ̀. Tẹ́nì kan bá ń wá nǹkan tí kò fi àmì sí i, ó máa rí i bákan náà. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Oṣù kẹfà, aago

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀nà ṣe rí kó tó lè yé yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tí à ń lò níbí kì í fún èèyàn ní àdírẹ́ẹ̀sì IP tìẹ nìkan, ogunlọ́gọ̀ ló ń pín ọ̀kan lò, ará ìta ò lè kanlẹ̀kùn Pi mi tààrà. Mo wá háyà VPS kékeré kan (sáfà àyálò) ní Yúróòpù, òun ló ní àdírẹ́ẹ̀sì, ètò Caddy wà lórí ẹ̀ tó ń bá wa gba sátífíkéètì Let's Encrypt tó ń jẹ́ kí ìsopọ̀ wa ní ààbò, WireGuard, ọ̀nà àdáni láàárín ẹ̀rọ méjì, ló so ó mọ́ pálọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ kankan kì í sùn síbẹ̀, ó kàn ń gbà á kọjá ni. Àwa mẹ́jọ là ń dá owó ẹ̀ lóṣooṣù.

Láti oṣù kẹta ni mo ti ń rí i pé tí iná bá lọ, tí bátìrì náà tán, tí iná wá dé, Pi á tan, láìtì ẹ̀ á máa ṣẹ́jú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè wọlé. Nígbà míì ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà míì ó máa sún mọ́ wákàtí kan, á wá jí fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo pààrọ̀ síìmù. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo tún config kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́ọ̀gì VPS ò sọ nǹkan kan, òfìfo.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ẹ̀gbọ́n Kánádà pè mí, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé ara Màmá yá? A ò gbọ́ ohùn wọn lọ́sẹ̀ yìí o." Màmá sì ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yẹn! Mo wọ ibi tí iṣẹ́ tó ń jáde máa ń tò sí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo wo lọ́ọ̀gì, mo rí 401, 401, 401, 401. Sáfà ọ̀hún ò gbà pé ìbuwọ́lù wa pé, kóòdù tèmi sì kà á sí pé ọ̀rọ̀ ti parí, ló bá jù wọ́n nù.

Mo mú ìwé iléèwé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìgbà tí iná Pi fúnra ẹ̀ lọ (lẹ́yìn tí bátìrì tán) àti iye ìṣẹ́jú tó fi dákẹ́ lẹ́yìn tó tan. Iná lọ 7:22, ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Iná lọ 9:05, bí ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta. Iná lọ 6:40, bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Mo ti kọ ìlà mẹ́sàn-án kó tó hàn sí mi: ẹ yọ aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kúrò nínú 7:22, márùn-ún ló kù. Ẹ yọ 8:17 kúrò nínú 9:05, ẹ yọ 6:17 kúrò nínú 6:40. Mẹ́tàdínlógún, mẹ́tàdínlógún, ní gbogbo ìlà!

Pi 4 ò ní bátìrì aago nínú. Iná lọ, aago kú. Ètò kan wà lórí ẹ̀ tó ń jẹ́ fake-hwclock, wákàtí wákàtí ló máa ń kọ aago sílẹ̀, lórí ẹ̀rọ tèmi tí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún bá ti kọjá ni, nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tan, ibi tó kọ sílẹ̀ yẹn ni á ti bẹ̀rẹ̀. Torí náà Pi mi jí, ó rò pé 8:17 ni. WireGuard sì máa ń fi àkókò sínú ìkíni àkọ́kọ́, VPS rántí pé ìkíni tó kẹ́yìn ti lé ní aago mẹ́sàn-án, èyí tó bá ti pẹ́ ju ìyẹn kò ní dá a lóhùn rárá, kó má bàa jẹ́ pé olè kan ló gba ìkíni àtijọ́ sílẹ̀ tó ń tún un sọ. Bí àgbà tí èèyàn kí lẹ́ẹ̀mejì ní "ẹ káàárọ̀" nígbà tí oòrùn ti wà lórí ni, á kàn wò ẹ́ ni. Ó wá di dandan kí aago Pi rìn dé mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ̀nà tó ṣí.

Chrony ló ń bá mi to aago o, ó yẹ kó ti tún un ṣe ní kíá. Àmọ́ mo ti kọ AllowedIPs 0.0.0.0/0, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó ń jáde nílé mi, inú WireGuard ló gbọ́dọ̀ gbà, chrony pẹ̀lú. Aago ń dúró de ọ̀nà, ọ̀nà ń dúró de aago. Nígbà tí ọ̀nà bá sì wá ṣí, iṣẹ́ tó ti tò á ya jáde kí chrony tó rí àyè tún aago ṣe, ìbuwọ́lù á gbé àkókò àná dání, wọ́n á dá a padà. Ohùn Màmá mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, inú mi dùn jù.

Àtúnṣe ẹ̀ ò tilẹ̀ le. Mo ra DS3231 kan ní Èkó, aago kékeré tó ní bátìrì rogodo CR2032 lẹ́yìn, wọ́n fi wéébìlì rán an, mo lọ gbà á ní páàkì. Ó wọ orí àwọn abẹ́rẹ́ Pi, mo kọ `dtoverlay=i2c-rtc,ds3231` sínú config.txt, mo yọ fake-hwclock kúrò pátápátá. AllowedIPs, àdírẹ́ẹ̀sì VPS ti inú WireGuard nìkan ló kù nínú ẹ̀. Iṣẹ́ tó ń jáde á dúró títí aago á fi tọ́. Ìdáhùn 401 ò sì ní jẹ́ ká ju nǹkan kan nù mọ́, á tún gbìyànjú lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn márùn-ún, lẹ́yìn wákàtí kan, títí di ọjọ́ mẹ́ta. Ohùn mẹ́rin yẹn ṣì wà nínú SSD tiwa, mo tún fọwọ́ ara mi rán wọn, wọ́n dé.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá

Iná lọ láàárọ̀, kò dé fún wákàtí mọ́kànlá, òjò ò jẹ́ kí sólà rí nǹkan mú, bátìrì kú. Mo lè gbé jẹnẹrétọ̀ àmọ́ mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tí iná dé mo dìde dúró tì í pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mò ń kà. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, ó wọlé. Ìṣẹ́jú méjì, ọ̀rọ̀ tí Màmá ti sọ láti òwúrọ̀ ti dé Kánádà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi sọ ọ́, 2.4MB péré, Opus (ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ ohùn di kékeré) 32 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mò ń lò, dátà ẹnikẹ́ni ò ní tán sí i.

Àwọn nǹkan kéékèèké: fọ́tò tó wá láti sáfà míì ń parẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje báyìí, wọ́n ti gba 31GB mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tuntun ò lè wọlé àyàfi tí ẹni tó wà nínú ilé bá mú un wá. Màmá tó ń gbé Ìyàrá, ìyá ọ̀rẹ́ mi, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ níbẹ̀, ẹ lọ gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́.

Ará Yàgbà kan nínú wa, Ìsánlú ló ń gbé, ti wá sọ pé òun fẹ́ kí àwọn èèyàn òun ní tiwọn, kí ohùn wọn wà ní ilé wọn, kí ó sì máa bá tiwa sọ̀rọ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lókè lọ, torí bí ẹ̀rọ kan bá jóná ní Kàbbà, Ìsánlú á ṣì wà. Mo ti ń kọ apá Move báyìí, kí àwọn Yàgbà márùn-ún tó wà lọ́dọ̀ wa lè kó lọ síbẹ̀ kí àwọn tó ń tẹ̀lé wọn sì bá wọn lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ sẹ́yìn kì í bá Move lọ, ọwọ́ ni màá fi kó o. Pi wọn ti dé, ó wà lórí tábìlì mi níbí, kò tíì sí nǹkan kan nínú ẹ̀, àfi DS3231 tí mo ti kì bọ orí ẹ̀.