Gàrí lò ń tà ni, àbí ọfọ̀ lò ń pè?

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ta gàrí. Nígbà tí mo ṣí wẹ́búsáìtì, wọ́n ní keyword, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa ń tẹ̀ sí Google tó bá ń wá nǹkan, ló ń jẹ́ kí Google rí èèyàn, ni mo bá ń dà á sí i bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ láì tọ́ ọ wò. Ẹ wo ohun tí mo kọ: “Gàrí Ìjẹ̀bú wa ni ojúlówó gàrí Ìjẹ̀bú. Bí ẹ bá fẹ́ ra gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ wá ra gàrí Ìjẹ̀bú lọ́dọ̀ wa.” Ẹ̀gbọ́n mi kà á lórí fóònù, ó wò mí, ó ní, “Gàrí lò ń tà ni, àbí ọfọ̀ lò ń pè?”

Oṣù mẹ́rin, ẹnì kan ò tibẹ̀ pè mí. Google sì ka irú àwítúnwí bẹ́ẹ̀ mọ́ màgòmágó. Ẹni tó bá mi ṣe wẹ́búsáìtì náà tún to ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sí ibi tí wọ́n ń pè ní meta keywords, tí òǹkàwé kì í rí, ó sì gbowó ẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé láti 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í wo ibẹ̀ tí àwọn bá ń to èsì. Owó ti lọ.

WhatsApp mi ló padà là mí lójú. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ka ìbéèrè àwọn oníbàárà látẹ̀yìn wá. Kò sẹ́ni tó kọ “ojúlówó” nínú wọn. “Ṣé ó kan dáadáa?” “Ṣé kò ní yanrìn?” “Èló ni àpò kan?” “Ṣé kì í tètè rọ̀ nínú omi tútù?” Ohun tí wọ́n ń bi mí yìí náà kúkú ni wọ́n ń tẹ̀ sí Google! Mo sọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan di àkọlé, mo dáhùn ẹ̀ sábẹ́: iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ tá a rin ń lò nínú àpò kó tó kan, bá a ṣe ń jọ̀ ọ́, iye tí àpò àti kóńgò jẹ́. “Gàrí Ìjẹ̀bú” wá wà nínú àkọlé ńlá lẹ́ẹ̀kan, ó wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ó tán. Àmì ohùn ńkọ́? Àwọn tó ń wá wa kì í fi sí i. “Garri” ni wọ́n ń tẹ̀, r méjì, torí náà mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbì kan.

Kò yá o. Ó tó oṣù méjì kó tó yí padà.

Search Console, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ní wẹ́búsáìtì, ọ̀fẹ́ ni, ó ń fi ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ kó tó rí ẹ hàn ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí “ijebu garri for soaking”. Háà! Èmi tí mò ń mu gàrí lójoojúmọ́, mi ò kọ nǹkan kan nípa mímu ẹ̀ rí. Mo kọ ìpínrọ̀ kan, mo ya fọ́tò abọ́ gàrí pẹ̀lú ẹ̀pà àti omi tútù, mo kọ ohun tó wà nínú fọ́tò náà síbi tí wọ́n ń pè ní alt text, ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe fọ́tò fún Google àti ẹni tí kò lè rí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé jù báyìí. Ìyá kan tiẹ̀ pè láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò béèrè gàrí rárá, ó ní ẹ̀pà inú fọ́tò yẹn, ṣé mò ń tà á.