Kí wọ́n tó tú transfer case yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára pikọ́ọ̀pù mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo pikọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí lè yé bó ṣe dùn mí tó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé transfer case (àpótí gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn) ti bàjẹ́ nítorí pé táyà iwájú kò fa ọkọ̀, ẹ má gbà kí ó tú u títí ẹ ó fi yẹ àwọn rọ́bà vacuum (àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ gbà) wò láti ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí wọ́n parí sí.

Òjò ti rọ̀ láti òwúrọ̀, ẹrù kún ẹ̀yìn ọkọ̀, àbúrò mi sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí a dé ìdí òkè kan tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀. Mo ti fi ọkọ̀ sí 4H, ipò tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fa ọkọ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. (Àwọn kan yóò bi mí pé kí ló dé tí n kò yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò; iná rẹ̀ tàn roro lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì ṣẹ́jú rárá.) Nígbà tí a dé ìdajì òkè náà, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń ta ẹrẹ̀ sókè, ọkọ̀ kò sì sún síwájú mọ́. Àbúrò mi yọrí lójú fèrèsé, ó sì pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, táyà iwájú kò yí o!” Kí n tó dá a lóhùn, ìdí ọkọ̀ ti yà sí ẹ̀gbẹ́, ó ń yọ̀ lọ sí ibi kòtò tí àgbàrá gbẹ́ sí etí ọ̀nà. Mo tẹ bíréèkì, ó ń yọ̀. Mo fa bíréèkì ọwọ́, ó ṣì ń yọ̀. Orúkọ àwọn ọmọ àbúrò mi ni mo ń pè lọ́kàn. Táyà ẹ̀yìn kan ti bọ́ sí etí kòtò kí ọkọ̀ tó dúró. A gba ilẹ̀kùn tó kọjú sí òkè jáde, ọwọ́ wa ń gbọ̀n, iná 4H ṣì tàn. Ẹnì kan fi katakata fà wá jáde.

Ohun tó dùn mí jùlọ ni pé mo ti gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ṣáájú fún àléébù yìí gan-an. Ó pààrọ̀ mọ́tò iná kékeré tó ń yí transfer case sí 4H, ó wo iná, ó ní ó ti parí. Nígbà tí mo padà lọ, ó ní ṣéènì inú transfer case ti já. A gbé ọkọ̀ sórí àga irin, a fi gíà sí i, propeller iwájú (irin gígùn tó ń gbé agbára láti transfer case lọ síwájú) sì ń yí dáadáa nígbà tí táyà iwájú dúró. Bí ṣéènì bá ti já, kí ló ń yí propeller náà? Ìṣòro wà níwájú transfer case, nínú axle, irin tó ń yí táyà iwájú. Fífà afẹ́fẹ́ inú rọ́bà vacuum ló ń mú kí actuator, ẹ̀rọ kékeré kan, so axle náà pọ̀ kí táyà iwájú lè fà. Rọ́bà vacuum tó gba abẹ́ bátìrì kọjá ti là, omi bátìrì ti jẹ ẹ́. Èmi fúnra mi pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, propeller iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń yí tí táyà iwájú kò sì fà, axle tàbí hub (ibi tí táyà ti so mọ́ axle) ni kí ẹ lọ bá. Bí kò bá yí rárá nígbà tí táyà ẹ̀yìn ń yí, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan transfer case, mọ́tò rẹ̀ àti wáyà rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo fíúùsì àti wáyà áàtì tó ti dípẹtà ná, pàápàá bí iná náà bá ń ṣẹ́jú.

Ní ti rọ́bà, ẹ yọ ọ́ lẹ́nu actuator nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ sì wà ní 4H, kí ẹ fi ìka dí i. Ó yẹ kí ó fa ìka yín bí ọmọ ṣe ń fa ọmú. Bí kò bá fà, ẹ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí ẹ ó fi rí ibi tó là, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ewu tèmi ti wá. Bí ó bá ń fà, ó lè jẹ́ pé rọ́bà inú actuator ló ti ya.

Lórí ọkọ̀ tèmi, ara transfer case ni súwíìṣì tó ń tan iná wà; kò mọ ohunkóhun nípa axle. Mo tún un sọ nítorí pé iná yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Kí ẹ sì máa lo 4H lórí ilẹ̀ rírọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí irin inú rẹ̀ má baà gan, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ọ̀dà gbígbẹ, níbi tí táyà kò ti lè yọ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà.