Àyẹ̀wò 2024 mi: ọdún tí ọmọ mi wọ ọkọ̀ òkun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti fẹ́ parí o. Ó yẹ kí n ti kọ eléyìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ alẹ́ ni ò jẹ́ kí n ráyè. Owó ilé gbówó lórí, orúnkún mi ṣì ń dùn mí, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Nǹkan tó gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yìí ni Empire State VII, ọkọ̀ òkun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé atukọ̀.

Ọmọ mi obìnrin wà ní SUNY Maritime, ilé ìwé atukọ̀ kan ní Throggs Neck, níbí ní Bronx, New York. Sọ́mà (ìgbà ooru) yìí ló kọ́kọ́ bá ọkọ̀ yẹn lọ sójú òkun. Philly Shipyard ní Philadelphia ló kàn án, 2023 ló délé ìwé wọn, òun sì làkọ́kọ́ nínú márùn-ún tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kàn fún àwọn ilé ìwé atukọ̀. Èkejì, Patriot State, dé Massachusetts lọ́dún yìí. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ níbí, 1962 ni wọ́n kàn án, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí!

Tuntun yìí gùn tó mítà 160, ó ń gba kádẹ́ẹ̀tì (àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́) 600, kíláàsì mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ṣe yàrá ìtukọ̀ kan lọ́tọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Yàrá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjì ni, tí nǹkan bá ṣe ọ̀kan, èkejì á gbé e délé. Tí ìjì bá sì ba ìlú kan jẹ́, ó lè gba èèyàn tó 1,000.

Ẹ má bínú pé mò ń ròyìn ọkọ̀. Èmi náà kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nílé, ní Nàìjíríà. Ìwé tán, ilé ìwé wa ò ní ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ láìsí sea time (àkókò téèyàn fi ṣiṣẹ́ lójú òkun) o ò lè gba sáfíkéètì, kálukú bá ń wá tiẹ̀ kiri. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé fáìlì lọ sí Apápá, "padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", títí mo fi jáwọ́.

Ọjọ́ tí ọmọ mi ti ojú òkun dé, mo ní kí n bá a fọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Epo dísẹ́ẹ̀lì ti gbẹ mọ́ ọn lápá ọ̀tún. Mo gbé e sí imú, mo kàn dúró síbẹ̀ ni. Ó wá mú nótbúùkù ẹ̀ wá, ó ti ya bí páìpù epo ṣe lọ láti tánkì dé ẹ́ńjìnnì, gbogbo fáàfù ló kọ nọ́ńbà sí. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, mo ní, "Purifier tó ń fọ epo mọ́ dà? Kò lè má sí níbí."

Ó wò mí. "Dádì, ẹ ṣì mọ̀ ọ́n?"

Aago kan òru ti lù ká tó dìde nídìí tábìlì yẹn.

Sọ́mà tó ń bọ̀ ó tún ń lọ. Mo ti ra aṣọ iṣẹ́ kejì fún un.