Ẹyin pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbó

Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì skáànù ní Alágbàká láàárọ̀ yìí, ó ń rẹ́rìn-ín: "Nọ́ọ̀sì, ẹyin mi mà pọ̀ o, mo rí wọn!" Àwọn àpò dúdú kéékèèké tí ẹyin ń gbó sí nínú ló rí, tí wọ́n tò yí etí ilé-ẹyin rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí èyí tó ju mílímítà 9 lọ.

Ó lè jẹ́ PCOS nìyẹn, ìṣòro hòmóònù tí kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin gbó bó ṣe yẹ. Bí ínsúlínì, hòmóònù tó ń darí ṣúgà inú ara, bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ilé-ẹyin á máa ṣe hòmóònù ọkùnrin láṣejù, àwọn àpò náà á sì dúró sójú kan. Èyí tó máa tú ẹyin sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 18 sí 20. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ẹyin ká ló ń bọ́ ọ, àwọn náà ló ń sọ ìgbà tó yẹ kó gbó fún un. Bí iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ bá dàrú, ọlẹ̀ tó bá tibẹ̀ wá lè má lágbára.

Letrozole, oògùn tó ń mú kí àpò ẹyin dàgbà, mg 2.5 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a rà ní Ọjà Ọba. Láìsí skáànù, ta ló máa mọ̀ bóyá àpò kan ló dàgbà àbí mẹ́rin?

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ṣé ẹ ti rí ẹni tí wọ́n kí kú oríire irú skáànù yìí rí?