Ayò kan sí òdo: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó bá kóòṣì jà

Ọ̀kún o, ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ kóòṣì ní Kabba, ní Isanlu, ní Mopa, ní Egbe, àti ẹ̀yin tí ohùn yín máa ń ròkè jù ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Tí ikọ̀ ẹni bá borí pẹ̀lú ayò kan sí òdo, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní ojo ni kóòṣì, kò jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ síwájú. Àwọn kan á ní ṣebí a ti borí, kí ló tún kù? Èsì ni àwọn méjèèjì ń wò, wọn ò wo eré. Ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ àwa tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ni pé ẹ ò lè ya ìkọlù sọ́tọ̀ kúrò lára ààbò. Bí ikọ̀ ṣe tò nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ iye ènìyàn tó lè rán lọ síwájú láìbẹ̀rù.

Ẹ wo Super Eagles ní AFCON 2023, ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí wọ́n gbá ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Equatorial Guinea. Lẹ́yìn ìyẹn ni José Peseiro, tó jẹ́ kóòṣì wọn nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹlẹ́yìn mẹ́ta: Troost-Ekong láàárín, Ajayi àti Bassey lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n na Côte d'Ivoire 1-0, wọ́n na Guinea-Bissau 1-0, wọ́n na Cameroon 2-0, wọ́n na Angola 1-0. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra, kò sí ẹni tó rí àwọ̀n wọn. Osimhen tí gbogbo wa ń retí ayò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹyọ kan péré ló gbá wọlé jálẹ̀ ìdíje náà. Ariwo wá pọ̀: kí la fẹ́ fi ẹlẹ́yìn mẹ́ta ṣe nígbà tí a ní irú sítíráíkà bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ má fi orúkọ ìtò dá ẹjọ́. Ẹ ka iye ẹni tó wà níwájú nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wọ ìdajì pápá àwọn alátakò. Tí ẹlẹ́yìn mẹ́ta bá dúró láàárín, àwọn méjì tó wà létí pápá lómìnira láti gòkè títí wọ́n á fi dọ́gba pẹ̀lú àwọn mẹ́ta iwájú. Èèyàn márùn-ún nìyẹn lórí ìlà kan, láti etí pápá kan dé èkejì. Ikọ̀ tó ní ẹlẹ́yìn mẹ́rin lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ tí àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ bá gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, méjì péré ló kù nílé, àyàfi tí ọ̀kan nínú àwọn àárín bá sọ̀ kalẹ̀ wá dí àlàfo náà. Nítorí náà, ẹlẹ́yìn mẹ́ta lè jẹ́ ọ̀nà láti kọlu ènìyàn gan-an. Ó tún lè di ẹlẹ́yìn márùn-ún tí wọ́n kàn ń gbá bọ́ọ̀lù dànù. Ibi tí àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ dúró sí ni ẹ ó fi mọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀.

Góòlù tí Lookman, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, gbá sáwọ̀n Angola ní ìṣẹ́jú 41 yẹ ní wíwò tàwòtúnwò. Moses Simon gba apá òsì wọlé, kò gbé bọ́ọ̀lù sókè, ó fà á padà sẹ́yìn nílẹ̀ fún Lookman tó ń bọ̀, Lookman sì gbá a lẹ́ẹ̀kan náà. Irú bọ́ọ̀lù àfàsẹ́yìn yìí ló yẹ kí ẹ máa fi kọ́ àwọn ọmọ ṣáájú èyí tí wọ́n ń gbé ga sí ojú ilé. Ẹlẹ́yìn tó ń sáré padà kọjú sí àwọ̀n ara rẹ̀, kò rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ́lé ti sún sí ẹ̀gbẹ́ òpó tí bọ́ọ̀lù wà, ó ní láti tún rìn padà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ọ́fúsáìdì kò kan ẹni tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, bó ti wù kó sún mọ́ ilé tó.

Bí ẹ ó ṣe kọ́ wọn rèé. Wíńgà á gbé bọ́ọ̀lù dé nǹkan bíi mítà márùn-ún sí ìlà ẹ̀yìn. Ẹni àkọ́kọ́ á fi gbogbo agbára sáré lọ sí òpó tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wọ́ àwọn ẹlẹ́yìn lọ, kódà bí bọ́ọ̀lù ò bá tiẹ̀ kàn án. Ẹnì kejì á sáré pẹ̀lú rẹ̀, á sì dúró lójijì ní ojú àmì pẹ́nárítì, mítà 11 sí ilé, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kọjá lọ. Ẹnì kẹta kò gbọdọ̀ wọ éítíìn, ìyẹn àpótí ńlá iwájú ilé, rárá, etí àpótí náà ni kó dúró sí, ní nǹkan bíi mítà 17 sí 18, fún bọ́ọ̀lù tó bá já wá. Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá láti apá ọ̀tún, mẹ́wàá láti apá òsì, láìsí ẹlẹ́yìn kankan. Tí mẹ́fà nínú mẹ́wàá ò bá tíì dé ẹsẹ̀ ẹnì kejì, ẹ má tíì fi ẹlẹ́yìn kún un. Tó bá dé, ẹ fi ẹlẹ́yìn méjì àti aṣọ́lé sí i.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù ni pé gbogbo wọn á sáré wọ inú àpótí kékeré, mítà 5.5 sí ilé, tí aṣọ́lé àti ẹlẹ́yìn á wá ní iṣẹ́ kan péré láti ṣe. Èkejì ni wíńgà tí kò gbé ojú sókè. Ó yẹ kó ti wo inú kó tó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ìkẹyìn… rárá, kó tó fi ẹsẹ̀ kàn án, nítorí lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí.

Bọ́ọ̀lù àfàsẹ́yìn yìí kan náà ló dùn wá ní Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà ní 1994. Amunike ti fún Nàìjíríà ní ayò kan níwájú Ítálì, rẹfirí ti lé Zola jáde, àwọn mẹ́wàá ló kù fún Ítálì. Ní ìṣẹ́jú 88, Mussi, tó jẹ́ ẹlẹ́yìn Ítálì, wọ inú éítíìn wa, ó fi bọ́ọ̀lù lé Roberto Baggio lọ́wọ́, Baggio sì rọra gbá a nílẹ̀ sí igun. Nínú àfikún àkókò, ó tún gbá pẹ́nárítì wọlé, 2-1. Ẹ bi ara yín pé ta ló yẹ kó wà níbi tí Baggio dúró sí. Ìbéèrè yẹn wúlò ju kí a máa bú ẹnikẹ́ni lọ.

Yorùbá ní ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn ń wọ́. Nígbà tí márùn-ún bá ń kọlù, márùn-ún tó kù ò gbọdọ̀ di òǹwòran: mẹ́ta lẹ́yìn, méjì níwájú wọn láàárín pápá, kí àlàfo àárín ìlà méjèèjì má ju mítà 10 sí 12 lọ. Àwọn méjì yẹn ló ń gba bọ́ọ̀lù tó bá já, àwọn náà ló ń ká alátakò mọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bọ́. Tí ìyẹn bá kọjá tí wọn ò rí i gbà, kí gbogbo ènìyàn padà sí ààyè rẹ̀. Lílé e kiri lẹ́yìn ìyẹn ló ń ya pápá sí méjì.

Àwọn tó ní Peseiro ń ṣọ́ra jù náà ní ẹ̀rí tiwọn lọ́wọ́, a ò ní fi dù wọ́n. Ní àṣekágbá AFCON yẹn, tí Côte d'Ivoire ti padà na Nàìjíríà 2-1, Troost-Ekong ló kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38. Lẹ́yìn náà, ìlà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà sí ojú ilé, Adingra, wíńgà Côte d'Ivoire, sì ń rí ààyè lò létí pápá. Kọ́nà rẹ̀ ni Kessié kàn wọlé ní ìṣẹ́jú 62, bọ́ọ̀lù tí Adingra gbé wá sí ojú ilé ni Haller fi ẹsẹ̀ kàn wọlé ní ìṣẹ́jú 81. Ìtò kan náà tó gba ayò kan sí òdo lẹ́ẹ̀mẹta ni. Ohun tó yí padà ni ibi tí àwọn ẹlẹ́yìn dúró sí, àti àìlè di bọ́ọ̀lù mú níwájú kí ẹ̀yìn lè mí. Nítorí èyí, nígbà tí ẹ bá ń darí pẹ̀lú ayò kan tó sì ku ìṣẹ́jú 20, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó fi ẹlẹ́yìn kún ẹlẹ́yìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó lè gba bọ́ọ̀lù gígùn kó sì dúró tì í ní igun pápá àwọn alátakò lè dáàbò bo ilé ju ẹlẹ́yìn kẹfà lọ. Ẹlẹ́yìn kẹfà á kàn fa ìlà padà ni, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá dànù á sì padà wá lójú ẹsẹ̀ torí kò sí ẹni tiwọn níwájú tó máa gbà á.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Pápá tiwa níhìn-ín kì í ṣe ti Abidjan. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, pàápàá tí ọyẹ́ bá mú, ilẹ̀ pupa a le bí àpáta, òkúta wẹ́wẹ́ á máa yí bọ́ọ̀lù lọ́nà. Òfin gba kí agbára afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù wà láàárín 0.6 sí 1.1 lórí òṣùwọ̀n atmosphere (atm). Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ 0.6, kó má baà máa fò kọjá orí àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àfàsẹ́yìn pé kó fi inú ẹsẹ̀ gbá a, kó sì tẹ ara síwájú, torí bọ́ọ̀lù lè ta lójijì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà òjò, ojú ilé gan-an ni omi máa ń dúró sí, bọ́ọ̀lù tí ẹ bá fà nílẹ̀ á dúró sínú ẹrẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wíńgà gbé e sókè díẹ̀, kó ga tó orúnkún. Ẹ sì fi ẹsẹ̀ wọn ìbú pápá kí ẹ tó yan ìtò. Òfin gbà á láti mítà 45 dé 90, èyí tó wà nítòsí 45 kò sì ní àyè fún wíńgà méjì tó fẹ́ tẹ́ pápá. Lórí irú rẹ̀, bọ́ọ̀lù tí a fi ọwọ́ jù láti ẹ̀gbẹ́ á dé ojú ilé, kò sì sí ọ́fúsáìdì fún ẹni tó bá gbà á tààrà.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ pín eré sí ìṣẹ́jú 15 lọ́nà mẹ́fà, kí ẹ sì fa ìlà fún ohun mẹ́ta: ibi tí ẹ ti gba bọ́ọ̀lù padà, yálà ìdá kan nínú mẹ́ta ti ẹ̀yìn, ti àárín tàbí ti iwájú, iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọ éítíìn àwọn alátakò lẹ́sẹ̀ ọmọ yín, àti iye ìgbà tí àwọn alátakò sáré kọjá àwọn méjì tó wà láàárín pápá. Kí ọ̀dọ́ kan tó jókòó ní bẹ́ńṣì máa kọ ọ́, kí kóòṣì lè máa wo eré. Bí ẹ bá borí 1-0 tí ìlà kejì pọ̀ tí ìkẹta sì kéré, iṣẹ́ tó kù ni bọ́ọ̀lù ìkẹyìn àti gbígbá a wọlé, ẹ padà sídìí bọ́ọ̀lù mẹ́wàá mẹ́wàá yẹn. Bí ìlà kẹta bá ń pọ̀ sí i láti ìṣẹ́jú 60, àwọn méjì àárín ló ti rẹ̀, kódà bí aṣọ́lé bá mú gbogbo bọ́ọ̀lù tó dé. Ní àkókò ìsinmi, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú nínú ìwé náà sọ fún àwọn ọmọ, kí balógun ikọ̀ sì tún un sọ padà fún yín kí wọ́n tó jáde.