Òru Ni Tiwa: Iṣẹ́ Ẹnjiníà ní Pápákọ̀ Òfuurufú

Bí mo bá sọ fún èèyàn pé ẹnjiníà pápákọ̀ òfuurufú ni mí ní Ìlú Ọba níbí, wọ́n á ní ṣé èmi ni mò ń tún ẹ́ńjìnì bàálù ṣe. Rárá o. Ilẹ̀ ni tèmi: rọ́ńwè tí bàálù ti ń gbéra tó sì ti ń balẹ̀, ọ̀nà tí bàálù ń gbà dé rọ́ńwè, ibi tó ń dúró sí kí èrò tó bọ́ọ́lẹ̀, àti gọ́tà tó ń kó omi kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ ojú títì ni mo ń ṣe kí n tó kúrò nílé. Ìmọ̀ yẹn wúlò, ṣùgbọ́n ẹrù ju ẹrù lọ. Afẹ́fẹ́ táyà mọ́tò kékeré sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 32 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó. Ti bàálù ńlá ń lọ sí 200. Bàálù ńlá A380 tó kún dẹ́múdẹ́mú lè wọn tọ́ọ̀nù 575.

Ọ̀pọ̀ rò pé ibi tí bàálù ti ń balẹ̀ gbì ni ilẹ̀ ti ń jìyà jù. Irọ́ ni. Èyí tó ń balẹ̀ ti jó epo rẹ̀, apá rẹ̀ sì ṣì ń bá a gbé lára ìwúwo náà. Èyí tó fẹ́ gbéra gan-an ló ń fojú ilẹ̀ rí màbo: epo kún inú rẹ̀, ó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó ń dúró gba àṣẹ, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti rọ̀ sórí táyà. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ṣe ìpẹ̀kun rọ́ńwè nípọn ju àárín rẹ̀ lọ.

Òru la ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí bàálù tó kẹ́yìn bá lọ, wọ́n á ti rọ́ńwè fún wa. Ká hú ọ̀dà tó ti gbó, ká da tuntun, ká fi rólà tẹ̀ ẹ́, kó tutù, ká tún iná tò, kílẹ̀ tó mọ́. Bí ọkọ̀ ọ̀dà bá pẹ́ dé, a ò ní hú ilẹ̀ kankan mọ́. Kòtò ò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù de bàálù àárọ̀.

Kí á tó kúrò, a ó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, a ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, a ó máa ṣa òkúta, ìdè irin, wáyà. Kò sẹ́ni tó ń fi èyí ṣeré. Ní Paris lóṣù Keje ọdún 2000, abala irin kan tí kò gùn tó ìdajì mítà, tó já bọ́ lára bàálù mìíràn, ló bẹ́ táyà bàálù Concorde, bàálù náà sì gbiná, ó já. Ẹni 113 ló kú.

Ẹ̀yin tó fẹ́ wá ṣe é níbí, ìwé ni kẹ́ ẹ tètè máa kó jọ. Kí wọ́n tó fún yín ní káàdì tí ẹ ó fi wọ inú ọgbà bàálù, wọ́n á tú ọdún 5 tó kọjá wò: ibi tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́, ibi tẹ́ ẹ ti kàwé, ìgbà tẹ́ ẹ jókòó lásán. Wọ́n á tún béèrè ìwé ọlọ́pàá láti orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti gbé tó oṣù 6. Ọ̀gá mi àtijọ́ kan ò dá wọn lóhùn rárá. Ẹ̀gbọ́n kan ní ọ́fíìsì náà ló padà bá mi fọwọ́ sí i pé mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Nítorí náà, ẹ gba lẹ́tà iṣẹ́ yín sọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, kẹ́ ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà ẹni tó máa ń gbé fóònù.